Kátámáráànì ní Gíríìsì lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì: ìgbà wo ló yẹ ká dín ìgbòkun kù?

Omo_Epe
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. À ń múra láti háyà kátámáráànì Lagoon 42, ìyẹn ọkọ̀ ìgbòkun oníkùn méjì, fún ọ̀sẹ̀ kan ní Gíríìsì, lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Lavrio, èbúté kan nítòsí Athens, la ó ti gbéra. Àgbà mẹ́fà, ọmọ méjì. Àwa méjì la ní ìwé Day Skipper (ìwé ẹ̀rí atukọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), ṣùgbọ́n ọkọ̀ oníkùn kan la fi kọ́ṣẹ́ ní Solent, omi kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó ti darí oníkùn méjì rí nínú wa. Gbogbo ẹni tá a bá sọ fún ló ń dárúkọ meltemi, afẹ́fẹ́ líle tó máa ń fẹ́ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbéèrè mi: afẹ́fẹ́ tó tó mélòó ló yẹ ká ti dín ìgbòkun kù (ká sọ apá kan rẹ̀ kalẹ̀, kó má gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́), báwo la ṣe ń ṣe é lórí kátámáráànì, kí ló sì sábà máa ń bàjẹ́ níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ni mò ń wá.

AtukoSolent
Ẹ kú ìmúra. Ohun tí ọkọ̀ oníkùn kan kọ́ yín lẹ máa kọ́kọ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Solent, bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ jù, ọkọ̀ á tẹ̀, ìtọ́kọ̀ á wúwo lọ́wọ́, ife tíì á dànù ní kíṣìnì, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ yẹn náà ló fi ń da apá kan agbára afẹ́fẹ́ nù. Lagoon 42 gùn tó mítà 12.80, ó sì fẹ̀ tó mítà 7.70. Kò ní tẹ̀. Agbára tí kò rí ibi gbà jáde, ara òpó àti àwọn wáyà tó dì í mú ló ń bọ́ sí, èyí tó kù á máa ti ọkọ̀ síwájú. Ẹni tó jókòó sórí àga kò ní fura. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé mítà afẹ́fẹ́ (ẹ̀rọ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré tó) la fi ń dín ìgbòkun kù lórí kátámáráànì, kì í ṣe bó ṣe ń ṣe wá lára.

Bí ìyára afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti knot (máìlì orí òkun kan ní wákàtí kan) 20 sí 28 péré, agbára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Nọ́ńbà rèé. Tábìlì kan máa ń wà nínú ìwé ọkọ̀, wọ́n sì sábà máa ń lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìtọ́kọ̀. Èyí tó bá wà lórí ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbà ni òfin, kì í ṣe tèmi. Lọ́pọ̀ ọkọ̀ tó tóbi tó yìí, ìdínkù kìíní máa ń bọ́ sí nǹkan bíi knot 18 sí 20, ìkejì sí nǹkan bíi 25, ìkẹta sí àárín 30 àti 35. Kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ wò ó dáadáa bóyá afẹ́fẹ́ tòótọ́ ló ń sọ tàbí èyí tí mítà ń rí lórí ọkọ̀ tó ń rìn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tòótọ́ jẹ́ knot 25, ẹ̀yìn gan-an ló ti ń wá, ọkọ̀ ń sá knot 9. Mítà á ka 16. Ara á tu gbogbo èèyàn, àwọn kan á ti na ara wọn sórí àwọ̀n iwájú, èyí tí wọ́n ta sáàárín ikùn méjèèjì. Kí fìlà ọmọ kan ṣáà fò sómi, kẹ́ ẹ yí ọkọ̀ padà láti lọ mú un: mítà á gbéra láti 16 bọ́ sí nǹkan bíi 30. Agbára tó wà lórí ìgbòkun ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, tí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tòótọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣèpinnu. Ìgbòkun tẹ́ ẹ lè gbé kọjú sí afẹ́fẹ́ náà nìkan ni kó wà lókè.

Ẹ sì fi ti ẹ̀fúùfù òjijì kún un. Ó lè fi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ju iye tí wọ́n kéde lọ. Bí wọ́n bá ní 20, ẹ máa retí 28, 28 yẹn sì ni kẹ́ ẹ dín ìgbòkun kù fún.

EfuufuLele
Ẹ jẹ́ n sọ ti meltemi fúnra rẹ̀, nítorí ó ń tan àlejò jẹ. Kì í ṣe ìjì. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ ga lórí ilẹ̀ Balkan, ó rẹlẹ̀ lórí Tọ́kì, òkun Aegean ló wà láàárín. Àríwá ló ti ń fẹ́ wá, Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì ló sì máa ń le jù. Ojú ọ̀run á mọ́ roro, kò ní sí ìkùukùu, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ á wà ní ìwọ̀n 5 sí 7 lórí òṣùwọ̀n Beaufort, ìyẹn knot 17 sí 33. Ó lè dé 8. Ó lè fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìsinmi. Ẹni tó bá ń dúró de kí òjò ṣú kó tó dín ìgbòkun kù, á dúró títí.

Abẹ́ òkè kọ́ ni ibi ìsádi níbẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ á gun òkè erékùṣù láti àríwá, á wá já wálẹ̀ ní ìhà gúúsù pẹ̀lú agbára tó ju ti ojú òkun lọ. Tẹ́ ẹ bá rí omi tó ń hó funfun, tó ń sáré bọ̀ láti etí ilẹ̀ wá bá yín, òun nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ìhà gúúsù Andros, Tinos tàbí Mykonos ni kẹ́ ẹ ti dín ìgbòkun kù, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àbọ̀ ló tún wá ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti Lavrio sí Mykonos, Paros tàbí Naxos, afẹ́fẹ́ á gbè yín, ìrìn á dùn. Ọjọ́bọ̀ lẹ ó wá rí i pé iwájú afẹ́fẹ́ ni ilé wà, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kátámáráànì tá a háyà, tó ru omi, oúnjẹ àti ẹrù èèyàn mẹ́jọ, kì í gun afẹ́fẹ́ dáadáa. Ìgbì á máa gbá abẹ́ ilé tó wà láàárín ikùn méjèèjì gbì, gbì, gbì, ọkọ̀ á dín ìrìn kù, àwọn ọmọ á máa bì. Ẹ lọ Kea lọ́jọ́ kìíní, Kythnos lẹ́yìn náà. Kolona tó wà ní Kythnos dára: iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló pín ibẹ̀ sí apá méjì, ẹ lè mú èyí tó bá rọlẹ̀. Ẹ má jìnnà ju ibi tẹ́ ẹ ti lè padà dé Lavrio ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Tó bá jẹ́ pé tèmi lẹ máa ṣe, ẹ gba ọkọ̀ ní Alimos, èbúté kan ní Athens, dípò Lavrio, kẹ́ ẹ wà ní ìhà omi Saronic: Aegina, Poros, Hydra. Meltemi máa ń dé ibẹ̀ náà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á ti dín. Ti ọ̀nà omi Kafireas láàárín Evia àti Andros, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Sista_Bisi
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi á sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba ọkọ̀, tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kí ẹni tó ń fà á lé yín lọ́wọ́ ṣe ìdínkù kìíní àti ìkejì lójú yín kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé. Ẹ bi í bóyá okùn kan ṣoṣo ló ń fa igun iwájú àti igun ẹ̀yìn ìgbòkun pọ̀, tàbí okùn méjì ni. Ẹ fi téèpù aláwọ̀ sàmì sára okùn tó ń gbé ìgbòkun sókè, síbi tó yẹ kó dúró fún ìdínkù kọ̀ọ̀kan. Téèpù yẹn á gbà yín lọ́wọ́ ariwo púpọ̀.

Lójú omi, ẹnì kan nídìí ìtọ́kọ̀, ẹnì kan nídìí wínṣì (ẹ̀rọ tá a fi ń fa okùn), ẹnì kẹta á máa wòkè. Wíwòkè yẹn nìkan niṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnì kan, kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ kọ iwájú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́ títí tí afẹ́fẹ́ á fi máa wá láti bíi dígírì 50 sí 60 sí iwájú ọkọ̀, ẹ má kọjú sí i gan-an. Tẹ́ ẹ bá kọjú sí i pátá, ọkọ̀ á dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, boom (ọ̀pá tó di ìsàlẹ̀ ìgbòkun ńlá mú) á sì máa fì sọ́tùn-ún sósì lókè orí yín.

Ẹ kọ́kọ́ fa okùn tó gbé ìdí boom ró kó le díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fò ó, boom á sọ̀kalẹ̀ sórí òrùlé ibi ìjókòó, igun ẹ̀yìn ìgbòkun kò sì ní lè dé ààyè rẹ̀. Ẹ wá tú okùn ìdarí ìgbòkun ńlá títí ìgbòkun á fi máa gbọ̀n pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, tí kò ní agbára nínú mọ́. Ẹ tú okùn ìgbésókè dé ibi téèpù, kí ẹnì kejì máa fa okùn ìdínkù iwájú bẹ́ẹ̀ náà kó má ba à tú jọ. Kẹ́ ẹ tó kan ẹ̀yìn, ẹ fa okùn ìgbésókè padà kó le dáadáa, títí ìlà kan á fi hàn lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbójú fò. Tí iwájú ìgbòkun bá dẹ̀, ikùn rẹ̀ á sún sẹ́yìn, agbára tẹ́ ẹ ní ẹ ń dín kù á tún padà wọlé. Ìgbà yẹn lẹ tó máa fa okùn ìdínkù ẹ̀yìn títí igun ìgbòkun á fi fẹnu ko boom. Ẹ dẹ okùn ìdí boom díẹ̀, ẹ fa okùn ìdarí, ẹ máa lọ.

Àwọn mẹ́ta tó mọṣẹ́ wọn kò ní lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ohun tó ń bàjẹ́: wínṣì oníná ni olórí rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn á mọ̀ pé nǹkan há, iná kò ní mọ̀, á máa fà títí okùn á fi já, tàbí tí igun ìgbòkun á fi ya, tàbí tí àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó so ìgbòkun mọ́ òpó á fi fọ́. Ẹ fi iná fa apá tó fúyẹ́, ẹ fi ọwọ́ parí rẹ̀. Tó bá ti le lójijì, ẹ dáwọ́ dúró kẹ́ ẹ wòkè. Ìdínkù kejì àti ìkẹta ní okùn tiwọn. Tẹ́ ẹ bá ṣe ti ìkíní tán, ìyẹn á dẹ̀, á máa fì lẹ́yìn boom, á lọ kọ́ ohun kóhun. Ẹ máa fà wọ́n mọ́ra. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń gbé ìgbòkun padà sókè, orí àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ inú rẹ̀ máa ń kọ́ àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kó ìgbòkun jọ sínú àpò. Iṣẹ́ ẹni tó ń wòkè nìyẹn, kó pariwo kó tó ya.

Ajani_Okun
Àǹtí Bísí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àfi ibì kan. Tí ìgbì bá ti ga tó mítà méjì sí mẹ́ta, tí afẹ́fẹ́ sì wà lẹ́yìn, yíyí ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni ewu rẹ̀. Ìgbì á gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, afẹ́fẹ́ orí mítà á sì fò sókè bí Atuko ṣe ṣírò rẹ̀, nígbà tí gbogbo ìgbòkun ṣì wà lókè.

Ó ṣeé ṣe láìyípadà. Kátámáráànì kò ní wáyà ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ni wọ́n fa àwọn wáyà ẹ̀gbẹ́ sí, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìgbòkun ńlá lẹ̀ mọ́ wáyà tí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn, tí kì í fi í fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹ fa okùn ìdarí títí boom á fi sún wọ àárín díẹ̀, tí ìgbòkun á fi kúrò lára wáyà. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní mítà kan, ẹ fa okùn ìdínkù iwájú àti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Mítà kan míì, ẹ tún fà á. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Sista_Bisi
Òótọ́ ni, ọmọ Àjàní, fún ẹni tó ti ṣe é rí. Ẹni tó ń ṣe é ní ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìgbì mítà mẹ́ta á gbàgbé ìtọ́kọ̀, afẹ́fẹ́ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, boom á sì gbá kọjá. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn gan-an. Kó wá láti bíi dígírì 140 sí 150 sí iwájú ọkọ̀, kí ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú má sì wo ohunkóhun míì. Fún àwọn Omo_Epe, èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n ti ṣe ìdínkù kejì kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu èbúté. Títú u rọrùn ju ṣíṣe é lọ.

Ajani_Okun
A ti gbà fúnra wa. Ìdínkù kejì láti èbúté, láìsí àríyànjiyàn, tí wọ́n bá ti kéde ìwọ̀n 6 lórí Beaufort tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n fi ti yíyí ọkọ̀ gba inú afẹ́fẹ́ kún un, torí á dà wọ́n láàmú. Oníkùn kan wúwo nísàlẹ̀, á fi agbára ìsáré rẹ̀ kọjá. Oníkùn méjì fúyẹ́ sí bó ṣe fẹ̀, ó máa ń dúró sí àárín. Ẹ jẹ́ kó sáré tó knot 6 kẹ́ ẹ tó yí i, ẹ yí ìtọ́kọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má já a gbà lójijì. Tí ìgbòkun iwájú bá jẹ́ èyí tó ní okùn ìdarí méjì, ẹ má tètè tú u. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ lù ú láti ẹ̀yìn kó ti iwájú ọkọ̀ kọjá. Tó bá dúró síbẹ̀, tó ń fà sẹ́yìn, ìtọ́kọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lódìkejì nìyẹn. Ẹ má bá a jà. Ẹ́ńjìnì tó wà ní ìhà òde ìyípo náà, ẹ tì í síwájú díẹ̀, ó parí.

Omo_Epe
Ẹ ṣé gan-an ni. Ó ku méjì: ìgbòkun iwájú tó ń ká ara rẹ̀ jọ ńkọ́? Àti ìdákọ̀ró nínú meltemi, ẹ̀wọ̀n mítà mélòó?

AtukoSolent
Ti ìgbòkun iwájú: ẹ dẹ okùn ìdarí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ká a, ṣùgbọ́n ẹ má tú u pátá. Tó bá ń gbọ̀n lásán, okùn ìdarí méjèèjì á lọ́ mọ́ra wọn di kókó tó lè ṣe èèyàn léṣe. Tó bá sì fún jù, kò ní ká. Ẹ bọ́ sí ìhà tí ìgbòkun ńlá ti ń bò ó lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, á ká bí ẹní.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í yẹ̀ wò ni róòlù tí okùn ìkájọ ń wé mọ́. Nínú afẹ́fẹ́ líle, ìgbòkun máa ń fún mọ́ra nígbà tó bá ń ká, ó sì máa ń gba ìyípo tó pọ̀ ju ti èbúté lọ. Tí okùn bá tán lórí róòlù, igun ìgbòkun á ṣẹ́ kù síta, á máa gbọ̀n títí á fi ya. Tẹ́ ẹ bá ká ìgbòkun tán ní èbúté, ó kéré tán kí okùn tó lè yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún sí i ṣì kù. Tẹ́ ẹ bá ká a dé ìlàjì, ẹ sún ibi tí okùn ìdarí ti ń gbà kọjá síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òkè ìgbòkun á dẹ̀, ìsàlẹ̀ á fún. Tó bá há, ẹ má fi wínṣì oníná sí i. Ẹ wo orí òpó lọ́hùn-ún: ó ṣeé ṣe kí okùn ìgbésókè ti wé mọ́ wáyà iwájú. Ẹ tú ìgbòkun síta díẹ̀, kẹ́ ẹ tún ká a.

EfuufuLele
Ìdákọ̀ró: ẹ ṣírò omi pẹ̀lú gíga iwájú ọkọ̀. Omi mítà 5, iwájú ọkọ̀ ga tó mítà 2 sójú omi, ó di 7. Ní ọjọ́ jẹ́ẹ́, ìlọ́po márùn-ún, mítà 35. Nínú meltemi, ìlọ́po méje, mítà 49, ẹ kúkú ju 50. Tí ààyè bá wà, kò sí ẹ̀wọ̀n tó pọ̀ jù, èyí tó kù sínú àpótí kò lè dì yín mú. Iyanrìn ni kẹ́ ẹ wá, òun ló ń mọ́lẹ̀ bíi tọ́kọ́ísì lójú omi. Àwọn ibi tó dúdú jẹ́ ewéko, ìdákọ̀ró máa ń yọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ ju ìdákọ̀ró, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n ṣe ń jáde, kẹ́ ẹ wá fi ẹ́ńjìnì méjèèjì fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀wọ̀n á fi le. Ẹ wo igi kan àti ilé kan létí òkun tó wà lórí ìlà kan. Tí wọ́n bá ń kúrò lórí ìlà, kò tíì wọlẹ̀. Ẹ gbé e, ẹ tún un jù.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjánu: okùn alápá méjì tó so ẹ̀wọ̀n mọ́ iwájú ikùn ọ̀tún àti tòsì. Kì í ṣe fáàrí. Láìsí i, ọkọ̀ á máa fì sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo òru, ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀wọ̀n ló sì máa ru gbogbo ẹrù náà, wọn kò ṣe é fún ìyẹn. Ẹ tú ẹ̀wọ̀n sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti so ìjánu, kí ẹ̀wọ̀n dẹ̀ sílẹ̀ láàárín, kó jẹ́ pé okùn ló ń gba ẹrù.

Dee_Lekki
Ẹ̀gbọ́n mi kan ní òun fẹ́ háyà kátámáráànì Sunreef tó tóbi, èyí tó ní kápútéènì àti ẹni tó ń se oúnjẹ. Ṣé gbogbo wàhálà yìí wà níbẹ̀ náà?

Ajani_Okun
Wàhálà ti kápútéènì ni, owó ló sì fi ń gbà á. Afẹ́fẹ́ kan náà ni. Àwọn ńlá yẹn, ti Sunreef tí wọ́n ń kàn ní Gdańsk, tàbí àwọn Lagoon ńláńlá ti ilẹ̀ Faransé, sábà máa ń gbé ibi ìdarí sókè òrùlé. Boom á wá ga, ìgbòkun á ga tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ á sì di bọ́tìnnì. Ó tuni lára, ṣùgbọ́n ohun tí Àǹtí Bísí sọ nípa wínṣì oníná wá di ìlọ́po. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín lè ṣe ni kó má fi ètò ìrìn-àjò de kápútéènì lọ́wọ́. Tí kápútéènì bá ní "Mykonos kò ṣeé lọ lónìí", kí ẹ̀gbọ́n máa jẹun rẹ̀ níbi tó wà.

Sista_Bisi
Ti àwọn ọmọ, Omo_Epe: láìfi ti ooru ṣe, ẹ̀wù ìléfòó lọ́rùn wọn nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wà lórí àwọ̀n iwájú tí ìgbì bá ti ń dé ibẹ̀, àgbà pàápàá. Ìlẹ̀kùn pàjáwìrì tó wà nínú ikùn ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú omi, gbọ́dọ̀ wà ní títì pa kẹ́ ẹ tó gbéra. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ ṣí i wo ẹja. Ọkọ̀ rọ́bà ẹ̀yìn, ẹ so ó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má fi okùn méjì tó gbé e rọ̀ sílẹ̀ nìkan.

Ti ìwé: Day Skipper yín á jẹ́ kẹ́ ẹ gba ICC (ìwé ẹ̀rí atukọ̀ tó wà fún ilẹ̀ òkèèrè) lọ́wọ́ RYA, ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n máa ń béèrè ní Gíríìsì. Ẹ tètè kọ̀wé béèrè fún un, kó má di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Wọ́n á tún béèrè orúkọ ẹnì kejì tó mọ ọkọ̀ darí, ẹ sì ní ọ̀kan nílé. Lórí rédíò, ìkànnì 16 ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní títàn. Nọ́ńbà fóònù àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Gíríìsì ni 108. Ẹ lẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì ìdínkù yẹn, nídìí ìtọ́kọ̀.